Sọ́kẹ́ẹ̀tì Ìfárùngbọ̀n Tó Fẹ́ Sọ Mí Di Abísínwín

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ro ohun tí ojú mi rí nínú balùwẹ̀ ilé ara mi fún yín. Ó ti pẹ́ o. Àwọn tó ń pè mí ní Màmá Àgbà lónìí, ìyá wọn gan-an kò tíì dáyé nígbà náà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ nípa ẹlòmíì pé, "Ẹ má dá a lóhùn, ara rẹ̀ ni kò yá," ńṣe ni àyà mi máa ń já.

Òkìtìpupa là ń gbé. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ọmọ ìlú Òde-Ayé ni mí, tíṣà sì ni mí. Ọkọ mi, tí mò ń pè ní Bàbá Ìbùkún, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Wọ́n rán an lọ kàwé díẹ̀ sí i nílùú òyìnbó, nígbà tó sì dé, ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n oníná ló kọ́kọ́ yọ jáde nínú àpótí rẹ̀, kó tó yọ aṣọ tèmi!

Mo bínú díẹ̀, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí rẹ̀. Bí ọkọ mi bá fi abẹ fá irùngbọ̀n, gbogbo àgbọ̀n rẹ̀ á sú wìnnì, á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa ta sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọkùnrin tó rẹwà bẹ́ẹ̀! Ẹ̀rọ yìí ló gbà á lọ́wọ́ ìyà náà.

Ìṣòro kan ló kù. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kéré, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, kò wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa. Ọkọ mi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò lọ́hùn-ún, ó ti ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí àwọn òyìnbó dìídì ṣe fún balùwẹ̀. Ó funfun báláú, ó sì wúwo lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀gbẹ́ dígí inú balùwẹ̀ ni òun fẹ́ kó wà.

Ta ló máa fi í síbẹ̀? Àbúrò rẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ilé ọkọ, torí náà Injinía ni mo sọ ọ́. Ó kọ́ṣẹ́ iná n'Íbàdàn, òun ló sì fa wáyà sí ilé wa nígbà tí a kọ́ ọ. Ọlọ́yàyà ọmọ ni, ó fẹ́ràn mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ní ẹran méjì nínú ọbẹ̀, ọ̀kan á di tirẹ̀.

Èmi ò sí nílé nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ náà. Ọsibítù ni mo wà, mò ń rọbí àkọ́bí mi. Ìrọbí náà le, wọ́n sì dá mi dúró kí ara mi lè yá dáadáa. Nígbà tí mo fi máa gbé Ìbùkún délé, sọ́kẹ́ẹ̀tì ti wà lára ògiri, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bo wáyà rẹ̀, wọ́n sì ti kùn ún lọ́dà. Ọkọ mi fà mí lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀ kí n tó jókòó pàápàá! Ó ń fi ọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀ tó ń dán. Inú tèmi náà dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí balùwẹ̀ náà ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Táǹkì irin kan wà lẹ́yìn ilé lórí búlọ́ọ̀kù, ibẹ̀ la máa ń gbe omi òjò sí. Páìpù irin gba inú ògiri wọlé láti ibẹ̀, ẹ̀rọ omi kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ nínú balùwẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, omi kì í sì í gbẹ níbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi wá láti Àjàgbà láti wá tọ́jú èmi àti ọmọ. Obìnrin tó mọ ìtọ́jú ni! Ó ń ro pupuru ẹ̀gẹ́ fún mi, ó ń fi ẹja tútù se ọbẹ̀ tó ta lẹ́nu dáadáa, ó ní kí ìdọ̀tí inú mi lè jáde. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á gbé omi gbígbóná sínú balùwẹ̀ fún mi. Èmi á wá ṣí ẹ̀rọ, màá fi omi tútù là á.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo na ọwọ́ sí ẹ̀rọ omi yẹn, yéè! Nǹkan ta mí láti orí ìka dé ìgúnpá, bí ẹni pé àkeekèé mẹ́wàá ló pawọ́ pọ̀. Mo já ọwọ́ gbà, mo pariwo, mo fi ìró lásán sáré jáde.

Ìyá ní kí lódé? Mo ní ẹ̀rọ omi ló ta mí. Ó wò mí títí. Ó ní ṣé ẹ̀rọ omi ní oró ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi wọ balùwẹ̀ lọ, ó di ẹ̀rọ náà mú, ó ṣí i, ó tì í. Kò sí nǹkan kan. Ìyá náà dì í mú. Kò sí nǹkan kan. Èmi fúnra mi fi ìbẹ̀rù nawọ́ kàn án. Kò sí nǹkan kan! Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní ó rẹ̀ mí ni, ẹni tó bímọ kò tíì sùn dáadáa.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tún ta mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rò ó wò. Ohun tó ń dùn yín, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti pe ẹlẹ́rìí, á dákẹ́. Kí lẹ máa ṣe?

Ìyá ọkọ mi bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ẹ̀rọ náà máa ń ta mí kí n tó bímọ. Mo ní rárá, ìgbà tí mo ti ọsibítù dé ló bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn á gbè mí. Àṣé ẹnu ara mi ni mo fi dá ara mi lẹ́bi! Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Lójú tirẹ̀, bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìbímọ ló bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé ìbímọ ló fà á.

Èmi náà ń ronú. Tíṣà ni mí, bí nǹkan ò bá yé mi, mi kì í lè fi í sílẹ̀. Mo wá ṣàkíyèsí pé àárọ̀ kì í ta mí, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni. Kí ló máa ń wà nírọ̀lẹ́ tí kì í sí láàárọ̀? Iná! Nígbà yẹn, iná mànàmáná kì í wà ládùúgbò wa lójúmọmọ. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé, á sì ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí iná ò dé rárá, mo di ẹ̀rọ mú, kò ta mí. Ọ̀rọ̀ yé mi wàyí!

Mo sọ fún ọkọ mi. Mo ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ìfárùngbọ̀n rẹ̀ ni, iná ibẹ̀ ti wọ inú omi. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìlú òyìnbó ni òun ti rà á, àwọn òyìnbó kò lè ṣe nǹkan fún balùwẹ̀ kó máa gbé èèyàn. Ó ní òun tí òun ń lò ó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí ló dé tí kò gbé òun rí? Mo ní sílípáàsì rọ́bà ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń fá irùngbọ̀n, kì í sì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi. Ìyá ní tirẹ̀, àárọ̀ nìkan ló máa ń lò ó. Èmi ní tèmi, sílípáàsì máa ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ mi nínú omi ọṣẹ, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń wẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ lè tán, ó ránṣẹ́ pe Injinía.

Injinía dé nírọ̀lẹ́, iná sì ti wà. Ó wọ balùwẹ̀ pẹ̀lú bàtà onírọ́bà tó nípọn nísàlẹ̀. Ọkọ mi bi í bóyá ó mú tẹ́sítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò dání. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

"Bọ̀dá mi, ọwọ́ mi ni tẹ́sítà mi."

Ó di ẹ̀rọ omi mú gbágbá. Ó wo ojú mi. Kò mira.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ rí i?"

Mo ní, "Injinía, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín. Ẹ da omi sílẹ̀, kí ẹ wá dì í mú."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni? Ó ní ilé mélòó ni òun ti fa iná sí ní Òkìtìpupa yìí, tí ẹnì kankan ò pe òun ní aláìmọ̀ṣẹ́? Mo ní mi ò pè é bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun ò bá ìyàwó jà o, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ la kì í bá jà. Ó jáde. Ọkọ mi sìn ín lọ. Mo gbọ́ tó ń bẹ̀ ẹ́ kó má bínú.

Ta ló bẹ èmi?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti wá ọgbọ́n tèmi dá. Mẹ́ènì suwíìṣì wà lára ògiri nínú pásééjì. Bí mo bá ti fẹ́ wẹ̀ nírọ̀lẹ́, màá lọ fà á wálẹ̀, iná gbogbo ilé á kú pii. Màá gbé àtùpà wọlé, màá wẹ̀ tán, màá tún lọ tì í sókè. Ara mi balẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo bí yóò ti rí lójú àwọn tó ń wò mí! Obìnrin tó ń pa iná ilé, tó ń wọ inú òkùnkùn lọ wẹ̀, tó ń sọ pé omi ń bu òun jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọkọ mi ní àlejò ní pálọ̀, mo sì pa iná mọ́ wọn lórí. Nígbà tí mo jáde, àwọn àlejò náà kí mi bí ẹni ń kí aláìsàn.

Ìyá ọkọ mi wá bá mi ní yàrá lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má ṣì í gbọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun ní àbúrò kan ní Àjàgbà, ọmọ ìyá òun, tó bímọ tán tó ń sọ pé omi ń pe òun. Wọ́n fi ṣeré. Wọ́n ní oorun ni kò sùn. Ọjọ́ tí wọ́n máa fi mọ̀ pé abísínwín ni, ó ti gbé ọmọ náà lọ sódò, òun àti ọmọ ò sì padà wálé. Ó ní òun búra níbi òkú wọn pé ojú òun ò ní tún rí irú rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ti èmi kọ́ nìyẹn. Iná ni." Ó mi orí. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò òun ń sọ, ó ní òun ò ya wèrè.

Ìgbà tó yá, mo wá ọ̀bẹ nínú ilé ìdáná, mi ò rí ọ̀kan. Ó ti kó gbogbo wọn pamọ́. Ìbùkún kò sùn lọ́dọ̀ mi mọ́. Ìyá á gbé e wá mu ọmú, á dúró tì mí, á tún gbé e lọ. Mò ń gbọ́ igbe ọmọ mi láti yàrá kejì, ọmú mi ń dà sára aṣọ.

Ibi tó burú jù ni pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Bí gbogbo èèyàn tó fẹ́ràn rẹ bá ń sọ ohun kan náà, ṣé wọn kì í jàre? Mo máa ń jókòó, màá máa wo ìka ọwọ́ mi. Àbí lóòótọ́ ni? Ìṣẹ́jú kan, ó dá mi lójú. Ìṣẹ́jú kejì, omijé.

Wọ́n wá fẹnu kò. Ilé àdúrà kan wà ní apá Ìrẹ̀lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa mú mi lọ kí wọ́n lè gbàdúrà fún mi títí ara mi á fi yá. Ọmọ á dúró sọ́dọ̀ Ìyá, á máa mu mílíìkì inú agolo. Ọkọ mi ló wá sọ fún mi. Kò lè wo ojú mi. Ó ní nítorí ìfẹ́ ni. Mo ní, "Bàbá Ìbùkún, ẹ bọ́ sílípáàsì yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Ó fọwọ́ bo ojú rẹ̀, ó jáde.

Mo gbà láti lọ. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Bí mo bá jà, wọ́n á ní ẹ̀rí nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, òjò dé. Òjò ilẹ̀ wa, ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Ìyá kì í wẹ ọmọ nínú balùwẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ti máa ń wẹ̀ ẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán. Ṣùgbọ́n Ìbùkún yàgbẹ́ sára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, òjò sì ń rọ̀ lọ́hùn-ún. Mo wà ní yàrá, mò ń di ẹrù. Ọkọ mi àti Injinía wà ní pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó máa gbé wa. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ dún.

Mo sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn! Ẹ jẹ́ kí n pa iná ná!"

Ó dáhùn láti inú, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Ìyàwó mi, lọ jókòó. Olúwa á wò ọ́ sàn."

Mi ò tíì yí ẹsẹ̀ padà tí mo fi gbọ́ ohùn kan. Kì í ṣe igbe. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń kérora nínú oorun. Igbe Ìbùkún sì dákẹ́ lójijì.

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá wà lórí àpótí, ẹsẹ̀ lásán nínú omi, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ omi, kò lè jù ú sílẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ ń wò mí, ẹnu rẹ̀ ò lè ṣí. Ìbùkún ti yọ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti ṣubú sínú bàsíà omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré nìkan ni mo rí lókè.

Ọmọ mi! Gbogbo ara mi fẹ́ fò wọlé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nǹkan kan dá mi dúró: bí mo bá wọ inú omi yẹn, kò ní sẹ́ni tó máa pa iná. Mo yí padà, mo sáré lọ sí pásééjì, mo sì fa mẹ́ènì wálẹ̀.

Ilé ṣókùnkùn. Mo gbọ́ tí Ìyá ṣubú gbì.

Ẹ gbọ́ ohun tó tún dùn mí jù. Láti pálọ̀, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi tó kún fún àárẹ̀, ó ní, "Ó ti tún bẹ̀rẹ̀." Injinía ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe tán.

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú balùwẹ̀, mò ń fọwọ́ tá bàsíà nínú òkùnkùn. Mo gbé ọmọ mi jáde. Kò sunkún. Mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mò ń gbá a lẹ́yìn, mò ń pe orúkọ rẹ̀. Mo wá pariwo débi tí ohùn mi fi já.

"Ẹ gbé àtùpà wá o! Iná ti pa Ìyá!"

Ìgbà náà ni wọ́n sáré dé. Omi tú jáde lẹ́nu Ìbùkún, ó húkọ́, ó sì ké. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti gbọ́ orin lóríṣiríṣi láyé, kò sí èyí tó dùn tó igbe yẹn. Ìyá nà gbalaja sílẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti jóná. Ọkùnrin tó ń gbé ilé kejì ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù nínú òjò yẹn. Wọ́n dá Ìyá àti ọmọ dúró síbẹ̀, èmi náà ò sì kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Ìyá lajú dáadáa, tó lè sọ̀rọ̀, ọkọ mi wà níbẹ̀, àwọn ẹbí kan láti Àjàgbà wà níbẹ̀. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni ojú rẹ̀ ń wá. Mo sún mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì sókè.

"Ìyàwó mi," ó ní, "ó ń ta èèyàn lóòótọ́."

Ọ̀rọ̀ tí mo fi gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn wá nìyẹn. Ẹ rò pé inú mi dùn? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, mo sunkún bí ọmọdé.

Injinía kò tẹ̀ lé wa wọ ọsibítù. Ọkọ mi ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní nígbà tí òun délé láàárọ̀, àbúrò òun ti wà nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú òòlù àti irin, ó ń gbẹ́ sìmẹ́ńtì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò ní àléébù kankan. Wáyà tó gbé iná lọ síbẹ̀ láti òkè àjà ló gba ẹ̀gbẹ́ páìpù omi kọjá nínú ògiri. Ìṣó kan tí Injinía fi kan wáyà náà mọ́lẹ̀ ti gún awọ wáyà wọnú, ẹnu ìṣó ọ̀hún sì ti lọ sinmi lára páìpù. Gbogbo ìgbà tí iná bá ti dé ni páìpù, ẹ̀rọ omi, àti táǹkì ẹ̀yìn ilé pàápàá ń gbé iná! Ọkọ mi ní Injinía jókòó sórí àpótí, ó ń wo ìṣó náà. Nígbà tó dìde, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Èmi ò padà sínú ilé yẹn. Nígbà tí wọ́n dá Ìbùkún sílẹ̀, Òde-Ayé ni mo gbé e lọ, sọ́dọ̀ àwọn òbí mi. Ọkọ mi ń wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, á jókòó, á mu omi, á lọ. Irùngbọ̀n ti hù sí i lágbọ̀n. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àgbẹ̀ ọlọ́pẹ ni. Lọ́jọ́ kan, ó bi í léèrè níwájú mi.

"Ọmọ mi sọ fún ọ pé iná ń gbé òun. Ta lo wá gbà gbọ́ jù ú lọ?"

Ọkọ mi tẹrí ba.

"Bàbá, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo gbà gbọ́."

Mo rò pé Bàbá mi á lé e jáde. Kò lé e. Ó ní kó máa wá, kó máa bọ̀, ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá tán nínú mi, ẹsẹ̀ mi á gbé mi lọ. Kò sì tán bọ̀rọ̀.

Ìyá ọkọ mi ló mú mi padà. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan ní Òde-Ayé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ìka méjì lára ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kò lè ká mọ́. Ó ní òun wá wẹ ọmọ òun, bí mi ò bá sì wá sí Òkìtìpupa, a jẹ́ pé òun ti di ará Òde-Ayé nìyẹn! Ìyá mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ òsì wẹ Ìbùkún ní ẹ̀yìnkùlé wa, èmi sì ń bá a bu omi sí i.

Mo padà. Ọkọ mi ti wá ẹlòmíì tó tú gbogbo wáyà ilé náà palẹ̀, tó tún un fà. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ bàtà, tó da omi sílẹ̀, tó kọ́kọ́ di ẹ̀rọ omi mú kí èmi tó wọlé. Kò fi ẹ̀rọ yẹn fá irùngbọ̀n mọ́ títí ó fi relé ìkẹyìn. A gbé pọ̀, a bímọ sí i, a sì láyọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí a bá ń sọ̀rọ̀ tí kò tètè gbà mí gbọ́, nǹkan kan á tutù láàárín wa.

Injinía ńkọ́? Ó kúrò ní Òkìtìpupa. Bó bá wá sílé fún ayẹyẹ, òde ló ti ń kí mi, kì í wọlé. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé mo ti dárí jì í. Mo ti gbé oúnjẹ lọ bá a ní títì. Á gbà á, á dọ̀bálẹ̀ fún èmi ìyàwó ilé, ojú rẹ̀ ò ní kúrò nílẹ̀. Ẹ wo ọmọ ọlọ́yàyà yẹn! Èyí ṣì ń dùn mí.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹ̀yin tó ń fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kún ilé yín, pàápàá níbi tí omi wà, ẹ má wo ojú ẹbí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹlòmíì sì tún un yẹ̀ wò. Nǹkan tó dára lè gba ọ̀nà burúkú wọ ilé yín. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́kàn mi jù kì í ṣe ti wáyà. Bí abiyamọ, tàbí arúgbó, tàbí ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ ò le bá sọ pé nǹkan ń dun òun, ẹ má kọ́kọ́ sáré wo orí rẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ dúró síbi tó dúró sí. Àbí kí ló ná yín?

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti sọ fún yín rí pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí ẹ̀yin mọ̀ pé nǹkan wà? Ta ló gbà yín gbọ́, tàbí ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ ẹ́? Ẹ sọ ọ́ fún mi níbí yìí. Ẹ̀yin sọ ọ́ ná. Èmi á gbà yín gbọ́.